Ọgbọ́n Ọdún Yìí: Ibà, Àdúrà àti Kuiníìnì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti oko, kò sẹ́ni tó ń bá òwe yìí jà. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ sí àbàtà lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀gẹ́ náà sì jẹrà, orí ilẹ̀ gíga ni yóò gbìn ín sí lọ́dún yìí. A kò ní pè é ní òpùrọ́. Ọlọ́gbọ́n la ó pè é. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀sìn, kíá la máa ń gbàgbé òwe náà.

Ajíbọ́dẹ ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn gan-an. Àgbẹ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì la jọ ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò sì jìnnà síra wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á kọ́ wa ní ilé ìjọsìn pé Ọlọ́run ni oníwòsàn. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ wa á ya ẹ̀fọn sójú pátákó, á sì ṣàlàyé bó ṣe ń gbé ibà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ìjọ pé, "Àwọn onísáyẹ́ǹsì yìí, bí wọ́n bá sọ báyìí lónìí, wọ́n á sọ bọ́hùn-ún lọ́la. Ọlọ́run nìkan ni kì í yí pa dà." Mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì pé, "Tó bá jẹ́ ẹ̀fọn ló ń fa ibà, kí la wá ń gbàdúrà fún?" Èkíní ní kí n fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nítorí pé ó ń yí pa dà. Èkejì ní kí n fi Ọlọ́run sílẹ̀ nítorí pé sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lásán ní àdúgbò wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà kọlu ọmọ aládùúgbò wa kan. Ilé àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì lò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ẹni tó bá da oògùn pọ̀ mọ́ àdúrà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ ipasẹ̀ ibà lọ sínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó sì wá di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Lọ́dún 1841, kó tó di àlùfáà rárá, ó bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ gba Odò Ọya lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kó lọ: Albert, Wilberforce àti Soudan. Ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà gbà ni pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń rú jáde láti inú àbàtà àti ewé jíjẹrà ló ń fa ibà. Orúkọ tí wọ́n sọ ibà pàápàá, malaria, afẹ́fẹ́ burúkú ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ítálì. Nítorí náà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí yóò sì máa fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀rọ fọ afẹ́fẹ́, ibà kò gbọ́. Nínú òyìnbó 145 tó wà nínú ọkọ̀ náà, 130 ni ibà dá dùbúlẹ̀, ó kéré tán, 40 ló sì kú.

Lọ́dún 1854, Crowther tún gba odò kan náà lọ, ó ti di àlùfáà nígbà náà. Orúkọ ọkọ̀ tọ̀tẹ̀ yìí ni Pleiad, dókítà kan tó ń jẹ́ William Baikie ló sì ṣáájú wọn. Baikie ní kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuiníìnì lójoojúmọ́, ìyẹn oògùn kíkorò tí wọ́n ń yọ lára èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lórí odò. Òyìnbó 12 ló lọ, àwọn 12 náà ló sì bọ̀ láàyè.

Ibi tó yẹ kí á ti ronú nìyí. Baikie àti àwọn dókítà ìgbà rẹ̀ ṣì gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa ibà. Àlàyé wọn kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n oògùn wọn ṣiṣẹ́. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀: ohun tí ojú rí, àti àlàyé tí a ṣe lórí ohun tí ojú rí. Ojú rí i pé ẹni tó lo kuiníìnì kò kú. Ìyẹn kò yí pa dà títí dòní. Ìdí tí kò fi kú ni àlàyé, àlàyé yẹn ló sì ń yí pa dà.

Kò pẹ́ tó fi yí pa dà lóòótọ́. Lọ́dún 1880, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Laveran, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àlùjéríà, fi awò amúǹkan-tóbi wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan tí ibà ń ṣe, ó sì rí kòkòrò tíntìntín tó ń rìn nínú rẹ̀. Lọ́dún 1897, Ronald Ross, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, rí irú kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀fọn ti gba ẹ̀bi tí afẹ́fẹ́ ti ń ru láti ayébáyé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà gbẹ, ó sì ń pín kuiníìnì.

Ṣé òpùrọ́ wá ni àwọn tó sọ pé afẹ́fẹ́ àbàtà ni? Rárá o. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń gbé létí àbàtà máa ń ní ibà ju ẹni tó ń gbé lórí òkè lọ, òótọ́ sì ni. Inú omi tó dákẹ́ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Nígbà tí àlàyé tuntun dé, kò da òótọ́ tó wà nínú ti àtijọ́ nù. Ńṣe ló gbà á, tó sì fi èyí tó kù kún un. Bí àgbẹ̀ ṣe ń tún oko rẹ̀ ro náà nìyẹn: èpò ló ń ṣá, kì í ṣá iṣu.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá ọmọ yẹn ti wá. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà tó ń jà káàkiri ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Ó tàn dé ìlú àti abúlé, ó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Kí ni àwọn dókítà mọ̀ nípa rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé irú kòkòrò bakitéríà kan ló ń fà á. Àṣìrò ni. Ó di ọdún 1933 kí àwọn onímọ̀ tó rí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa influẹ́ńsà lára ènìyàn. Lọ́dún 1918 yẹn, kò sí oògùn òyìnbó kankan tó lè wo àrùn náà. Ti àwọn oníṣègùn wa náà kò sì ràn án.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní St Saviour's Church bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Joseph Sadare wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odúnlámì, náà dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń wàásù pé kí ènìyàn fi àdúrà àti omi òjò gba ìwòsàn. Ẹgbẹ́ yìí ni a wá mọ̀ sí Precious Stone. Wọ́n kọ oògùn òyìnbó, wọ́n kọ àgbo, wọ́n kọ ìṣègùn ìbílẹ̀. Àdúrà nìkan ni wọ́n dì mú. Nígbà tó di ọdún 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Lọ́dún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti jẹ́ awakọ̀ katakata ìtẹ̀nà rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Báyìí ni ìgbàgbọ́ Aládùúrà ṣe gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fi Aládùúrà ṣẹ̀fẹ̀ dúró gbọ́ èyí. Àwọn ènìyàn yẹn kò ya wèrè. Lọ́dún 1918, ẹni tó ní kí á má gbójú lé oògùn kò jìnnà sí òótọ́, nítorí oògùn kò sí. Àdúrà fún wọn ní ìrètí, ó sì mú kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn nígbà tí olúkúlùkù ń sá fún ẹnìkejì. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọdún kan di òfin fún gbogbo ọdún, tí ohun tí wọ́n kọ́ lára àrùn kan sì di òfin fún gbogbo àrùn. Ọ̀rọ̀ kuiníìnì ló gbé èyí jáde kedere. Lọ́dún 1931, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic láti ilẹ̀ Bírítéènì wá bá àwọn Aládùúrà ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó náà gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn nípa àdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú ìjọ níbí wá rí i pé wọ́n ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ìbéèrè àwọn aṣáájú wa mọ́gbọ́n dání: báwo la ṣe máa wàásù fún ará ìjọ pé kí wọ́n da oògùn nù, kí àwọn tó ń kọ́ wa sì máa gbé oògùn mì? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ó yẹ kó dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe kuiníìnì nìkan ló fa ìyapa, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò darí ìjọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kuiníìnì wà lára ohun tó pín wọn níyà. Àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà ló di Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lọ́dún 1943.

Ẹ wo bí ìtàn ṣe yí po. Ní 1854, kuiníìnì àti àlùfáà Yorùbá wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọn kò bára wọn jà. Ní àwọn ọdún 1930, kuiníìnì kan náà tú ìjọ ká. Kuiníìnì kò yí pa dà, Ọlọ́run kò yí pa dà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni ọdún 1918. Influẹ́ńsà kò ní oògùn, ibà sì ní. Òfin tí ikú influẹ́ńsà bí ni wọ́n gbé lé ibà lórí.

Níbí ni mo ti wá rí ohun tí n kò rí ẹnikẹ́ni sọ ní àdúgbò wa. A máa ń rò pé sáyẹ́ǹsì nìkan ló ní àbá tó ń yí pa dà, pé ti ẹ̀sìn dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n "má lo oògùn" náà, àbá ni. Ohun tí ojú ènìyàn rí lọ́dún kan ni wọ́n gbé e kà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn dókítà gbà kí á yẹ àbá tiwọn wò: nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá ìdí ọ̀rọ̀ mu mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú ẹ̀fọn. Nígbà tí bakitéríà kò bá ti influẹ́ńsà mu mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá so àbá ènìyàn mọ́ orúkọ Ọlọ́run kò lè tú u mọ́, nítorí yóò dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló fẹ́ kọ̀ sílẹ̀.

Ìbàdàn tiwa ní àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn láti máa rò. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn lọ́dún 1911, wà lára àwọn aṣáájú Christ Apostolic Church. Ó di Olúbàdàn lọ́dún 1955, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1964. Lákòókò tirẹ̀, lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1957, ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Ọba aládùúrà àti ilé ìwòsàn ńlá jọ wà nínú ìlú kan náà, ìlú kò sì dàrú. Lónìí, ìjọ Christ Apostolic Church kan náà ló dá yunifásítì sílẹ̀ lọ́dún 2006, wọ́n fi orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá pè é, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Wọn kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun àdúrà. Ìmọ̀ wọn nípa ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà ṣiṣẹ́ ló gbòòrò sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dá àgbà ìjọ tó sọ pé sáyẹ́ǹsì ń yí pa dà lóhùn báyìí. Òótọ́ ni ẹ sọ, sà. Ibà fúnra rẹ̀ ń yí pa dà. Àwọn òbí wa rántí chloroquine, oògùn tó máa ń mú kí ara yún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ẹni pé kòkòrò ń jẹ wọ́n. Ó wo ibà sàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kòkòrò ibà fi mọ̀ ọ́n, tí kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí, àwọn onímọ̀ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Sàláko fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ibà àti oògùn rẹ̀ wò. Lọ́dún 2005, ìjọba Nàìjíríà yí ìlànà pa dà, wọ́n ní kí á fi àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò chloroquine. Ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni artemisinin ti wá; arábìnrin Tu Youyou ló rí i láàárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tó ti yẹ ìwé ìṣègùn àwọn baba ńlá wọn wò, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2015. Ká ní àwọn dókítà wa kọ̀ láti yí pa dà lọ́dún 2005, oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ la ó ṣì máa fún àwọn ọmọdé. Àìyípadà lè pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹlẹgbẹ́ mi náà lóhùn. O ní tó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni, kí la ń gbàdúrà fún? Ẹ̀fọn ṣàlàyé bí ibà ṣe wọ ara ọmọ. Kò ṣàlàyé ìdí tí ìyá fi ń jókòó ti ọmọ náà mọ́jú, kò sì sọ ohun tí yóò gbé ọkàn ìyá náà ró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Laveran kò wá ìyẹn nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń wò, kò sì sọ pé òun wá a. Iṣẹ́ méjì ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn babaláwo wa pàápàá kò tíì sọ rí pé ọ̀rọ̀ àná ti tó fún òní. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní àdúgbò wa sì máa ń sọ pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́run dá tí kò dá oògùn rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá oògùn náà kiri kò bá Ọlọ́run jà.

Nítorí náà, ohun tí mo rò rèé, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kí ilé ìjọsìn máa kọ́ wa ní ohun tí kì í yí pa dà: pé Ọlọ́run wà, pé ẹ̀mí ọmọ ènìyàn ṣe pàtàkì, pé kí á má ṣe fi aláìsàn sílẹ̀. Kí ilé ìwé máa kọ́ wa ní ohun tí ìwádìí fi hàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ìwádìí kò tíì parí. Tí ara ọmọ bá gbóná, kí á gbàdúrà fún un, kí á sì gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbéèrè pé "èwo ni kí n mú nínú méjèèjì" ni kí á fi sílẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́.

Ní ìparí ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tó ń jẹ́ R21 ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Ó ṣeé ṣe kí àwọn onímọ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn ti rí èyí tó dára jù ú lọ, kí á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, ẹnì kan á sọ ní Ajíbọ́dẹ pé, "Ẹ ò rí i, wọ́n tún ti yí i pa dà." A ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti yí i pa dà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n yí i pa dà.